Ilẹ̀ Ẹgbẹ́ Di Àríyànjiyàn: Ṣé Ọlọ́pàá Ni Ká Sáré Tọ̀ Lọ?



Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti ń fi owó ìfipamọ́ ra ilẹ̀ láti pín in fún ọmọ ẹgbẹ́, irú ìwé kan kì í wọ́n mọ́ nínú fáìlì tí mo bá ṣí láti yẹ̀ wò. Ẹ̀dà pẹtíṣàn sí ọlọ́pàá ni. Ẹ̀sùn inú rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: ẹbí tó ta ilẹ̀ ti lu ẹgbẹ́ ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí mo bá ka gbogbo ìwé náà tán, n kì í rí jìbìtì níbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ilẹ̀ ni mo máa ń rí. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí owó yín ló ń bá àṣìṣe náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ra pílọ́ọ̀tì 10 lọ́wọ́ ẹbí kan. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé, wọ́n gba owó, wọ́n já rìsíìtì. Kò pẹ́ tí ẹbí tó bá wọn pààlà fi yọjú, wọ́n ní apá kan ilẹ̀ náà jẹ́ ti baba ńlá àwọn, pé odò kékeré kan ni ààlà, kì í ṣe igi ìrókò tí àwọn tó tà á tọ́ka sí. Dípò kí ìgbìmọ̀ wá lọ́yà, tẹ́ṣàn ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ti olórí ẹbí, bàbá arúgbó, mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà kọ pẹtíṣàn tiwọn, wọ́n ní akọ̀wé ẹgbẹ́ kó jàǹdùkú wá sórí ilẹ̀, ni wọ́n bá gbé akọ̀wé. Owó ọkọ̀, owó lọ́yà, owó bélì, inú àpò ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. (Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Mo rí iye tí akápò kọ sínú ìwé owó.) Ó gba oṣù 19 kí májísíréètì tó dá bàbá náà sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹbí kejì ti ta apá tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwọn fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì ti kọ́lé dé òrùlé. Kò sí àṣẹ tó lè dá a dúró, nítorí kò sí ẹjọ́ kankan ní kóòtù lórí ilẹ̀ náà gan-an.

Kí ló dé tí wọ́n fi dá bàbá náà sílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ìwé òfin ọ̀ràn ti ìjọba àpapọ̀. Nọ́ńbà abala lè yàtọ̀ nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín. Abala 418 sọ ohun tí ẹ̀tàn jẹ́: kí ènìyàn fi ẹnu, ìwé tàbí ìṣe sọ pé nǹkan rí báyìí, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí tí kò gbà á gbọ́. Ohun tó ti kọjá tàbí ohun tó wà nílẹ̀ ni òfin ń wí. Ìlérí ọjọ́ iwájú kò sí níbẹ̀. Bí onílẹ̀ bá ní òun yóò la ọ̀nà dé ibẹ̀ kí ọdún tó parí, tí kò sì là á, àdéhùn ló yẹ̀, gbígba owó ìtanràn sì ni ẹjọ́ yín. Abala tó tẹ̀ lé e, 419, tí àwọn ọmọ ìgboro ti sọ di orúkọ, ló sọ ìjìyà. Òfin gbájú-ẹ̀ ti ọdún 2006 tún le jù ú lọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, títí dé 20, láìsí owó ìtanràn dípò rẹ̀. Nítorí náà, adájọ́ kò ní gba ẹ̀rí tó mú iyèméjì lọ́wọ́.

Abala 23 ló gba bàbá náà. Ó ní ẹni tó bá ṣe ohun kan sí dúkìá nítorí pé ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé òun ní ẹ̀tọ́ sí i, láìní èrò àtirẹ́ni jẹ, kò jẹ̀bi ọ̀ràn lórí dúkìá náà. Ìrókò ni baba rẹ̀ fi hàn án ní kékeré. Ó lè jẹ́ pé odò ni ààlà lóòótọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ṣìnà, kò purọ́.

Ta ni yóò wá sọ bóyá odò ni tàbí ìrókò? Ní 1976 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé a ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, ìṣe onílẹ̀, bíi dídáko tàbí yíyáni ní ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, jíjókòó sórí ilẹ̀ pẹ́ títí, àti níní ilẹ̀ tó yí i ká lọ́nà tó fi dájú pé èyí náà yóò jẹ́ tiwa. Ọlọ́pàá kò ní agbára láti pinnu ọ̀kankan nínú wọn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí àríyànjiyàn ẹ̀tọ́ lásán. Ẹni tó bá sì fi wọ́n mú ẹlòmíràn láìnídìí lè rí i pé òun ni yóò san owó ìtanràn ní ìgbẹ̀yìn.

Ìdájọ́ ọdún 1959 kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń ra ilẹ̀ mọ̀. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí wọn yóò fi pè é lẹ́jọ́ tí kóòtù yóò sì fagi lé e. Bí ó bá jẹ́ àwọn àgbà ló tà á láìsí olórí, kò sí títà kankan níbẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ní rìsíìtì tó dára, tí ìfọwọ́sí olórí kò sí lórí rẹ̀.

N kò sọ pé ẹ má dé tẹ́ṣàn láéláé. Bí ẹni tó tà á bá ti ta pílọ́ọ̀tì kan náà fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ tó sì fi pa mọ́, bí ó bá pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kì í ṣe, bí ó bá fọwọ́ èké sí ìwé, tàbí tí ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tó sì ti gba owó rẹ̀ kí ó tó tà á fún yín, jìbìtì nìyẹn, ọ̀ràn sì ni. Ẹ kó ìwé yín dání kí ẹ lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ìyẹn kò sọ ilẹ̀ di tiyín. Kóòtù lè pàṣẹ kí ó dá owó padà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ló ń gba ilẹ̀. Òun náà ni ẹ fi ń tọrọ àṣẹ kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, ẹni tó bá sì rà á nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, ìdájọ́ yóò dè é.

Bí ìjà bá wà láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ lórí pínpín pílọ́ọ̀tì, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti pèsè ọ̀nà mìíràn: ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì wa, kí a yan àwọn onílàjà.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ ti wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga báyìí. Sọ̀fíò ti wọn ilẹ̀ náà: pílọ́ọ̀tì mẹ́fà wà ní ẹ̀gbẹ́ odò tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà sí, wọ́n sì ti pín wọn. Mẹ́rin tó kù ni ẹjọ́ ń lọ lórí wọn, ọ̀kan nínú wọn ni ilé tó ti dé òrùlé yẹn wà.