Bí A Ṣe Lè Ran Ọmọ Sẹ́kọ́ńdírì Kékeré Lọ́wọ́ ní Ìbàràpá

Ẹ̀yin ará, ẹ má tètè pe ọmọ ní ọ̀lẹ. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ló sábà ń darí rẹ̀. Ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní olùkọ́ tirẹ̀. Apá ọpọlọ tí a fi ń ṣètò, tí a sì fi ń kó ara ẹni níjàánu, kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25.

Nítorí náà, ẹ bá a kọ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pín in wẹ́wẹ́. Bí iṣẹ́ oko bá wà, ẹ ya wákàtí ìwé sọ́tọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Igbó-Ọrà tí ìbejì pọ̀ sí, ẹ má fi Táyé ṣe òṣùwọ̀n Kẹ́hìndé. Ìfiwéra a máa pa ìtara. Ẹ yin ìgbìyànjú: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.