Ẹnu-Ọ̀nà Kan Kò Tó

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ẹ rántí ìtàn Ànábì Yàkúùbù nínú Súrà Yúsúfù. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń padà lọ ra oúnjẹ ní Íjíbítì, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ẹnu-ọ̀nà kan náà wọ ìlú. Ìkìlọ̀ yìí bá ayé kọ̀ǹpútà mu gidigidi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 19 oṣù Keje, 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má baà wọ̀ ọ́, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n fi dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: kọ̀ǹpútà bí mílíọ̀nù 8.5 ti dákú. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ dókítà àdúgbò kò rí ìwé aláìsàn wọn wò. Ẹ ro ti ìyá tí ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ síbẹ̀!

Kì í ṣe olè ni ó ṣe é o. Olùṣọ́ gan-an ni ó ṣubú lu ilé. Kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti Windows ayé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn, báńkì àti pápá ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ wọn wà, olùṣọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì gbà. Kọ̀ǹpútà tí kì í lo Windows kò fara kó o rárá.

Bí olè bá wá ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní WannaCry gba ihò kan ṣoṣo nínú Windows wọ orílẹ̀-èdè bí 150, ó ń ti ìwé oníwèé pa, ó ń béèrè owó.

Òótọ́ ni pé irú kan náà rọrùn láti kọ́ àti láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í gbin iṣu nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo owó yín wà níbi tí fóònù kan ṣoṣo ti lè sé e mọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹbí sínú ìwé. Ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀ àṣírí kan fún ohun gbogbo. Ẹ má fi ìwé ìbí àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú fóònù nìkan.

Ànábì Yàkúùbù gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, síbẹ̀ ó pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa ju bí a ti ń ṣọ́ ara wa lọ. Àmín.