Fáànù Balùwẹ̀ Tí Ń Pariwo
Ẹ̀yin ìyá ilé ní Kútọ̀, bí fáànù tí ń fa ọ̀rinrin jáde nínú balùwẹ̀ bá ń pariwo, eruku ti dí i tàbí ó ti gbó. Ẹ má ṣe pa á tì: bí ọ̀rinrin bá há sílé, ògiri a máa bu, a sì máa ni ẹni tí ó ní ikọ́ fée lára.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án nítorí pé iná lọ. Iná lè dé lójijì, ó sì lè ṣekú pani. Ẹ kọ́kọ́ pa súìsì àgbà ilé àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ tó nu eruku rẹ̀. Bí ariwo kò bá dákẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ máa ṣí fèrèsé lẹ́yìn ìwẹ̀.