Gheorghe Săsărman àti Àwọn Ìlú Tó Ba Ìjọba Lẹ́rù

Nígbà tí ìwé Cuadratura cercului jáde ní Románíà lọ́dún 1975, àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba ti yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni Gheorghe Săsărman kọ, ìtàn kéékèèké 36, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ nípa ìlú kan tí kò sí níbì kankan láyé. Èmi gbà pé àwọn tó gé ìwé náà kà á dáadáa: wọ́n mọ̀ pé àwọn gan-an ló ń pòwe mọ́.

Ẹ wo Vavylon, ìlú onípele-ípele tó ga bí òkè. Kò sí òfin tó ní kí ẹni ìsàlẹ̀ má gòkè, ẹ̀tọ́ gbogbo wọn dọ́gba. Àmọ́ ọ̀nà tó lọ sókè dà gẹ̀rẹ́, wọ́n sì ti fi ọ̀rá pa á débi pé ẹsẹ̀ kò lè dúró lórí rẹ̀. Níbi tí ìjọba ti ń pariwo ìdọ́gba tọ̀sán-tòru, ta ló tún máa túmọ̀ ìyẹn fún wọn? Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni Săsărman kọ́ ní Bucharest kó tó di oníròyìn, nítorí náà ó mọ bí ògiri ṣe ń pàṣẹ fún èèyàn láìfọhùn. Ohun tó kọ kò sì jìnnà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: lọ́dún 1974, ìjọba Ceaușescu, tó ń ṣolórí Románíà nígbà náà, ṣòfin láti tún ìlú àti abúlé tò káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n ń wó odidi àdúgbò ní Bucharest kí wọ́n lè rí àyè kọ́ ààfin ràgàjì kan.

Ẹnì kan lè ní ìjọba yẹn kan náà ló fàyè gba irú ìtàn báyìí, torí àkójọ Colecția Povestiri științifico-fantastice ń jáde láti 1955 títí di 1974. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú tó ń yin ètò ìjọba ni wọ́n fẹ́. Ti Săsărman ń bi ẹni tó ń ṣètò léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní ó jọ ìwé tí Italo Calvino, òǹkọ̀wé ará Ítálì, ṣe nípa ìlú àròsọ lọ́dún 1972. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìrántí àti ìfẹ́ ọkàn ló gba Calvino lọ́kàn jù, nígbà tí Săsărman ń wo ohun tí ìlú ń fi àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ṣe. Nínú Protopolis, wọ́n fi òrùlé gíláàsì bo ìlú, wọ́n sì pèsè ohun gbogbo, títí àwọn ará ibẹ̀ fi padà di bí ọ̀bọ.

Săsărman ṣí lọ sí Munich, ní Jámánì, lọ́dún 1983. Ọdún 2001 ni odidi ìwé náà tó jáde ní Románíà, ọdún 12 lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú. Ursula K. Le Guin, ìlúmọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, bá ìwé náà pàdé lédè Sípéènì, ó sì túmọ̀ 24 nínú àwọn ìtàn náà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013.