Ẹ Jẹ́ Kí Oòrùn Parí Iṣẹ́ Rẹ̀ Lára Omi Mímu

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ àti ẹ̀yin baálé ilé ní Ìkirè àti Àpòmù, omi kànga lè mọ́ lójú, síbẹ̀ kí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Sísè omi títí yóò fi hó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí igi tàbí epo ìdáná bá wọ́n, oòrùn lè ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1980, Aftim Acra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beirut, ní orílẹ̀-èdè Lebanon, kéde pé oòrùn lè pa kòkòrò inú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Kí ni oòrùn ń ṣe?

Kòkòrò kan a máa pín sí méjì, méjì a sì di mẹ́rin. Bí ààyè bá gbà á, èyí tí a ń pè ní E. coli lè pín láàárín 20 ìṣẹ́jú. Láàárín wákàtí 7, ọ̀kan ṣoṣo lè di ju 2,000,000 lọ. Kí ó tó pín, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ bí ara rẹ̀ yóò ti rí. Ìtànṣán oòrùn a máa ba àkọsílẹ̀ yìí jẹ́. Nígbà náà, kòkòrò a dáwọ́ pípín dúró. Òmíràn a kàn máa gùn bí òwú, bí ó ti ń tún DNA rẹ̀ ṣe. Kò tíì kú! Bí a bá tètè gbé ìgò kúrò lóòrùn, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí pín. Bí oòrùn bá pẹ́ lára rẹ̀ tó, ìpalára a borí àtúnṣe, a sì kú.

Bí ẹ ó ti ṣe é

1. Ẹ fọ ìgò oníke tí ó mọ́ gaara, tí kò ju lítà 2 lọ. Ẹ bó bébà ara rẹ̀.
2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi náà. Bí ó bá ṣì rú, ẹ sè é ni.
3. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ dé e, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ìkùukùu bá bo ju ìlàjì ojú ọ̀run lọ, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí òjò bá ń rọ̀ ṣáá, ẹ se omi.
4. Ẹ mu ún láàárín wákàtí 24.

Oòrùn kò lè mú oògùn ìfínkòkó kúrò nínú omi. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni kí ẹ fún un. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.