Omi Òjò Iwájú Ilé Wa Wà Nínú Bíìlì Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń san bíìlì omi láì kà á. Kì í ṣe omi tí a ń mu nìkan là ń sanwó fún. Owó omi ìdọ̀tí wà níbẹ̀, owó àgbàrá tó ń ṣàn láti orí òrùlé àti iwájú ilé wa náà wà níbẹ̀.

Ní ibi púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ìdọ̀tí. Bí ayé ṣe ń móoru, òjò ńlá ń le sí i: tí afẹ́fẹ́ bá fi dígíríì 1 gbóná sí i, ó lè gba omi sí i tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Ní oṣù Keje 2021, òjò ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 25 borí àwọn páìpù náà, omi sì wọ ilé àwọn èèyàn.

Kí ni àwọn aláṣẹ ń ṣe? Wọ́n gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ ńlá, Tideway, tó gùn tó kìlómítà 25. Gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kejì 2025, kí omi ìdọ̀tí má baà máa ya sínú odò Thames. Àwa oníbàárà Thames Water là ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ni ihò yìí ń gbà sílẹ̀, kì í ṣe pálọ̀ wa. Òfin ọdún 2010 fi àbójútó àgbàrá àdúgbò lé káńsù lọ́wọ́. Enfield, fún àpẹẹrẹ, ṣe àbàtà sí ọgbà Firs Farm, kí omi lè dúró níbẹ̀ kó tó rọra lọ.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Tí a bá da síméntì bo iwájú ilé nítorí ọkọ̀, ilẹ̀ kò lè mu omi mọ́. Inú páìpù ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àgbàrá kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Nítorí náà:
- Kí ẹ tó da síméntì, ẹ bi káńsù. Láti oṣù Kẹwàá 2008, tó bá ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ, tí omi kò sì ríbi wọlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.
- Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí bíríkì tó ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀ kò nílò àṣẹ yẹn.
- Tí omi òjò ilé yín bá ń wọ ilẹ̀ tààrà, tí kò dé inú páìpù ìlú rárá, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ omi pé kí wọ́n yọ owó àgbàrá kúrò nínú bíìlì yín. Ẹni tí kò bá béèrè lè máa san án lọ́dọọdún lásán.