"LTS Ni" Kò Tó Ìdáhùn

Nígbà tí àwa aláyẹ̀wòwé bá dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tí ó ti ń kọ ìwé owó sínú kọ̀ǹpútà, a máa ń béèrè pé ta ni ó ń tọ́jú ètò tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Linux ni wọ́n ń lò, pàápàá èyí tí à ń pè ní Ubuntu, akọ̀wé a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ọ̀gá, LTS ni." Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ó fi Ubuntu 20.04 sínú kọ̀ǹpútà àlòkù ní 2021, tí wọ́n sì ń fi GnuCash kọ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìpàdé gbogbogbò pinnu pé àwọn kò ní ná kọ́bọ̀ kan lé e lórí títí di 2025, nítorí pé ìtọ́jú ọlọ́dún márùn-ún ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, akápò bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé òun ń rí ìkìlọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà náà nígbàkígbà tí òun bá fẹ́ gba àtúnṣe. Wọ́n ní kí ó má dá a lóhùn. Akápò ló jàre.

Ìtọ́jú tí à ń wí kì í ṣe pé ẹnìkan yóò wá nu eruku. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní àléébù. Bí wọ́n bá rí ihò tí olè lè gbà wọlé, ẹni tí ó ń tọ́jú ètò náà yóò fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí i. Bí kò bá sí olùtọ́jú, ihò náà wà níbẹ̀, olè sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí gbangba ni wọ́n ń kéde rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Canonical ni ó ń gbé Ubuntu jáde, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Ọdún àti oṣù ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ: 22.04 jẹ́ ti oṣù kẹrin 2022. Ní ọdún méjì méjì, èyí tí ó bá jáde ní oṣù kẹrin a jẹ́ LTS, ọdún márùn-ún sì ni ìlérí rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni ti àwọn yòókù. Ti 20.04 parí ní oṣù karùn-ún 2025. Ti 22.04 dé 2027, ti 24.04 dé 2029.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú nìyí. Àká mẹ́rin ni Ubuntu ń kó ètò sí. Main, àti èyí kékeré tí ń jẹ́ restricted, ni Canonical fọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún ọdún márùn-ún náà. Universe, tí ó tóbi jù wọ́n lọ fíìfíì, àti multiverse, ọwọ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n wà: wọ́n á tún un ṣe bí àyè bá gbà wọ́n. LibreOffice wà nínú main. GnuCash wà nínú universe. Ẹ wò ó bí ti onídùúró: ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó Lágbájá nínú ẹgbẹ́ kò dúró fún gbèsè tí Lágbájá jẹ ní ọjà.

Àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó a máa lo Xubuntu tàbí Lubuntu nítorí pé wọ́n fúyẹ́. LTS ni àwọn náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ìlérí àwọn tí ó ń tọ́jú wọn.

Ìkìlọ̀ tí akápò ń rí ni ti Ubuntu Pro, tí Canonical nawọ́ rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹwàá 2022. Ó ń mú ìtọ́jú dé inú universe, ó sì sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n ní wọ́n fẹ́ gba owó lórí ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní tiwa, a kò rí i bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tí wọ́n ṣèlérí àtúnṣe universe fún tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé lẹ́tà mẹ́ta náà kò sọ èyí fún ẹni tí ó ń kà á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lo Pro lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ju 5 lọ. Kí ẹgbẹ́ ka àdéhùn rẹ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Ti Debian tún yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn a gbà á fún ọdún méjì sí i. Ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi ni ó ń dá owó jọ láti san owó iṣẹ́ wọn, bí àwa náà ṣe ń dá èésú. Wọ́n máa ń yọ àwọn ètò kan sílẹ̀, àṣẹ check-support-status ni yóò dárúkọ wọn. Ìlérí pàápàá lè yẹ̀: 2029 ni wọ́n dá fún CentOS 8, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n kéde pé ìparí 2021 ni yóò dópin.

Lórí Ubuntu, kí akọ̀wé tẹ pro security-status. Yóò ka iye ètò tí ó ti inú main wá àti iye tí ó ti inú universe wá. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ apt policy pẹ̀lú orúkọ ètò tí ẹgbẹ́ fi ń kọ ìwé owó gan-an, kí ó lè rí àká tí ó ti wá. Kí ó kọ èsì méjèèjì sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú déètì. Nígbà tí a bá tún wá yẹ ìwé yín wò, ojú ewé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ní kí ẹ ṣí.